Ẹ̀rọ Tí Kò Ní Ẹ

Kí oòrùn tó yọjú ní Òkókómáíkò ni Ẹkúndayọ̀ ti máa ń wà lẹ́nu eré rẹ̀. Bàtà kánfáàsì kan tí ó ti fìgbà kan jẹ́ funfun ni ó máa ń wọ̀. Yóò gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Àgbádárìgì, yóò yà sí ọ̀nà Ìbà, yóò sì máa sáré lọ títí tí àwọn ilé Ìbà Estate yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í to ara wọn lẹ́sẹẹsẹ níwájú rẹ̀ bí eyín ẹnu ọmọdé. Ìkùukùu òwúrọ̀ a máa ti ọ̀dọ̀ ọ̀sà wá, a bo koríko àbàtà mọ́lẹ̀, débi pé bí ó bá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, a máa jọ ọ́ pé ẹlòmíràn ni ó ń sáré, òun kàn ń bá onítọ̀hún lọ ni.

Inú koríko yẹn ni àwọn lékeléke máa ń dúró sí. Funfun ni wọ́n nínú òkùnkùn ìdájí, ọ̀kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, bí ẹni pé ẹnì kan ń fi wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí kò tíì kọ tán. Ẹkúndayọ̀ kì í rí wọn kí ó má rántí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà máa ń rí lójú tẹlifíṣàn tí ó so ó mọ́: ẹyọ funfun kéékèèké tí ó bà sórí dúdú, tí yóò sì fò lọ bí a bá pa iná.

Bí ó bá ti eré dé, òógùn a máa kán lára rẹ̀, yóò lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Bàbá Ògúntádé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ láàárọ̀. Yóò wò ó níbi tí ó nà gbalaja sí, yóò sì sọ pé, "Dìde." Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn náà ni. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni Ẹkúndayọ̀ ti mọ̀ pé inú gbólóhùn yẹn ni àdúrà àárọ̀ wà, inú rẹ̀ ni ìfẹ́ wà, inú rẹ̀ sì ni oúnjẹ òòjọ́ wà.

Panẹ́ẹ̀bítà ni Bàbá Ògúntádé. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ bá tẹ̀ wọnú, òun ni ó máa ń fi òòlù nà án padà sí bí wọ́n ṣe dá a. Ìlaròó ni ó ti wá sí Èkó, ó sì fi iṣẹ́ òòlù yẹn kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin sí Òkókómáíkò. Ìjọ aláṣọ funfun ni ó ń lọ, Bíbélì Yorùbá nìkan sì ni ìwé tí ó máa ń kà, ṣùgbọ́n ó máa ń kà á dáadáa, ó máa ń fi ìka tẹ̀lé e, kò sì ní fo àmì kankan.

Ọdún 1988 ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹkúndayọ̀ ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó sì ti ń bá Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé ṣiṣẹ́ ní Ìbà Estate. Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé gba yàrá kan níbẹ̀ tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ Ẹkúndayọ̀ ni láti kọ ètò, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a tò tẹ̀léra wọn kí ẹ̀rọ lè mọ ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe àti èyí tí yóò ṣe tẹ̀lé e. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn bí àlá. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ máa ń wá bí òjò ọ̀gbẹlẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ojú rí ohun tí ó ń ṣe.

Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tí ó wà nílé, ọjà Àlàbà ni ó ti rí i. Ní ọjọ́ Sátidé, ó máa ń bá Alhaji Rájí jó wáyà rédíò pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ará Ìṣẹ́yìn ni Alhaji, ó ń ta tẹlifíṣàn àlòkù tí wọ́n ń kó ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Ní ọjọ́ kan, ó fa nǹkan pẹlẹbẹ kan yọ nínú àwọn ẹrù, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Dayọ̀, wá wo táípúráítà tí wọn ò fi ibi ìwé sí. Àbí òyìnbó náà máa ń gbàgbé ni?"

"Alhaji, kọ̀ǹpútà ni o."

"Kọ̀ǹpútà bó ti kéré yìí? Èyí tí mo rí nínú fíìmù tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ta ni ó máa rà á lọ́wọ́ mi? Gbé e lọ jàre, o ti bá mi ṣiṣẹ́ tó. Tó bá ń sunkún, kí o fún un lómi."

Bí kọ̀ǹpútà ṣe dé ilé Ògúntádé nìyẹn. Ẹkúndayọ̀ so ó mọ́ tẹlifíṣàn pálọ̀. Nínú kásẹ́ẹ̀tì ni ó máa ń tọ́jú ètò tí ó bá kọ sí. Bí ó bá fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú rédíò kí ẹ̀rọ lè kà á padà, ariwo kan a máa jáde, ó jọ igbe ọ̀pọ̀lọ́ àti ti ìrẹ̀ tí wọ́n pàdé nínú àbàtà lẹ́yìn òjò. Bọ́sẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin, a máa di etí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti tún gbé orin ìsìnkú yín sí i!"

Bí kò bá sáré, tí kò sì sí nídìí ẹ̀rọ, a jẹ́ pé ọgbà iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni ó wà, níbi tí ó ti máa ń gbé irin. Ọ̀pá irin ọkọ̀ kan ni, ó rọ símẹ́ńtì sínú agolo mílíìkì méjì, ó sì fi wọ́n sí orí rẹ̀ méjèèjì. Bí ó bá sì fẹ́ sinmi, ó máa ń ya ẹyẹ. Kì í fi bírò yà á. Ìwé tí ó bá kọ̀ǹpútà wá ti kọ́ ọ pé ojú ihò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni wọ́n fi ṣe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́jọ ní òòró. Ènìyàn lè tan èyí tí ó bá fẹ́ nínú wọn, kí ó sì pa èyí tí kò fẹ́. Ó gba lẹ́tà kan tí Yorùbá kì í lò, ó tú u ká, ó sì fi ya lékeléke tí ń fò gba ojú tẹlifíṣàn kọjá. Yétúndé ni ó yà á fún. Tíṣà ni Yétúndé ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbà Estate, òun sì ni ẹni tí Ẹkúndayọ̀ ń fẹ́. Nígbà tí ẹyẹ náà fò kọjá ní ìgbà kẹta, Yétúndé ní, "Ó dára. Ibo ni ó ń lọ?"

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn àdúrà ilé, Bàbá Ògúntádé pa Bíbélì rẹ̀ dé, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Dayọ̀."

"Sà."

"Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kàdúná ti ránṣẹ́. Wọ́n ń wá akọ̀wé síbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí ní iléeṣẹ́ wọn. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ti ọ̀la ni o máa wọkọ̀."

Ẹkúndayọ̀ rò pé ilẹ̀ pálọ̀ rọra yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Bàbá, mo níṣẹ́ sà."

"Iṣẹ́ wo? Èyí tí o máa ń jókòó níwájú tẹlifíṣàn tí ò sọ̀rọ̀?"

"Ẹ dákun, sà. Tó bá bá yín sọ̀rọ̀ ńkọ́? Tó bá bá yín sọ̀rọ̀ ní Yorùbá?"

Bọ́sẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ sì fi ojú bá a wí. Ṣùgbọ́n Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ro ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe máa ń wo ọkọ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́ wọ ọgbà rẹ̀.

"Tó bá bá mi sọ ọ̀rọ̀ tí mo lè jáde lọ sọ fáwọn èèyàn ní ọgbà mi, o ò lọ Kàdúná mọ́. Tí ò bá sí nǹkan níbẹ̀, kí o di ẹrù rẹ láìbá mi jiyàn."

"Mo gbà, sà."

Ó gbà á, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Kàdúná kì í ṣe ìlú burúkú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbé tẹlifíṣàn pálọ̀ tẹ̀lé e lọ síbẹ̀, Yétúndé kò sì sí níbẹ̀. Bí ó bá lọ, ó mọ̀ pé ẹ̀rọ náà yóò di ohun tí wọ́n fi ń gbé ilẹ̀kùn dúró, àlá tí ó ń lá yóò sì di ìtàn tí akọ̀wé kan ń sọ nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò pẹ́ tí ó fi rí i pé lẹ́tà òyìnbó nìkan ni ó wà nínú ẹ̀rọ náà. E wà níbẹ̀, kò sí ẹ. O wà níbẹ̀, kò sí ọ. Kò sí ṣ. Àmì ohùn náà kò sí, ṣùgbọ́n ìyẹn, ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá lè fi ẹnu ara rẹ̀ fi í sí i. Ẹkúndayọ̀ kì í ṣe ẹni tí ó lè fara mọ́ àbùkù. Láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fi pàṣán kọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ tí a kò fi àmì sí abẹ́ rẹ̀ dà bí ọmọ tí ó jáde láìwẹ ẹsẹ̀. Bàbá rẹ̀ tí kì í fo àmì kankan nínú Bíbélì, ṣé òun ni yóò kọ irú ìkọkúkọ bẹ́ẹ̀ fún? Nítorí náà, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa ìrẹsì. Èyí tí ó bá ní àmì lábẹ́, ó jù ú nù. Èyí tí kò bá ní, ó tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ó ṣà á tán, gbólóhùn mẹ́ta ni ó kù, kò sì sí àbùkù kan lára wọn. Ó fi ojú kà wọ́n ní àkàtúnkà. Inú rẹ̀ dùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Bàbá ti ibi iṣẹ́ dé, ó wẹ̀, ó wọ bùbá tí ó mọ́. Nígbà tí ó dé iwájú tẹlifíṣàn, ó bọ́ sílípáàsì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì jókòó. Ìyá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bọ́sẹ̀ fara ti ògiri. Ẹkúndayọ̀ tẹ bọ́tìnì kan, ọ̀rọ̀ náà sì bà sójú tẹlifíṣàn, funfun lórí dúdú:

JOKOO.
BAWO NI?
TA NI O DE YII?

Bàbá wọ gíláàsì rẹ̀. Ó na ìka sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

"Jókòó," ni ó kà. Ó wo àga tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. "Mo ti jókòó." Ìka rẹ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀. "Báwo ni?" Ìka náà dúró. "Báwo ni? Èmi àti ta ni?"

Ìka náà bọ́ sí ìlà kẹta.

"'Ta ni ó dé yìí?' Háà! Nínú ilé tí mo fi ọwọ́ mi méjèèjì kọ́, nǹkan tó bá mi nílé ló ń bi mí pé ta ni ó dé!"

Bọ́sẹ̀ ti ki etí ìró bọnu kí ẹ̀rín má baà jáde. Ìyá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Bàbá Dayọ̀, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ṣé ẹ̀rọ bí ara ẹ̀ ni? Ẹni tó kọ́ ọ lọ́rọ̀ ni mò ń wò." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga, èyí ni ó sì mú kí ó wọni lára. "Ẹkúndayọ̀. Ìwọ tí mo bí lo sọ fún mi pé 'báwo ni'. Iṣẹ́ tó bá máa gba ìyẹn lẹ́nu rẹ, kì í ṣe iṣẹ́ tí mo lè fi ọ́ sílẹ̀ sídìí ẹ̀."

Ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ wá sílípáàsì rẹ̀. "Ọkọ̀ Kàdúná máa ń tètè gbéra. Kí ẹ bá a gbé báàgì ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí wọ́dúróòbù."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹkúndayọ̀ dọ̀bálẹ̀ kí ó tó lọ sáré. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ tí ó ń bọ̀, ó gbọ́ ọ tí ó dúró, ó sì gbọ́ ọ tí ó kọjá lọ. Ilẹ̀ símẹ́ńtì tutù lábẹ́ àyà rẹ̀. Ó dúró de ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà títí, ọ̀rọ̀ náà kò dé. Níkẹyìn, òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé ara rẹ̀ nílẹ̀.

Ó sáré lọ bá Yétúndé. Ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni ó bá a, ó ń dúró de àwọn ọmọ tí yóò gbá ilẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Yétúndé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, àfi ìgbà tí ó wo ojú rẹ̀ ni ó tó dákẹ́.

"Pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n Dayọ̀, ṣé o ò kà á sókè ni?"

"Ojú ni mo fi kà á."

"Ìyẹn ni. Ká ní o fi ẹnu kà á ni, ẹnu rẹ ì bá kọ̀ ọ́. Kí ló dé tí o ò kọ 'Ẹ jókòó'?"

"Kò ní ẹ."

"Ta ni ò ní ẹ?"

"Ẹ̀rọ yẹn. E nìkan ló ní. Kò sí àmì abẹ́."

"O wá lọ ń wá gbogbo ọ̀rọ̀ tí ò ní àmì lábẹ́."

"Kí ó lè mọ́ ni."

"Ó mọ́ lóòótọ́. Ó mọ́ bí àwo tí wọn ò bu oúnjẹ sí." Ó mú ẹfun kan, ó ń yí i lọ́wọ́. "Ọmọ kíláàsì mi tó bá gbàgbé àmì kì í sọ fún mi pé bírò òun ò ní i. Màá ní kó padà lọ fi sí i ni."

"Kì í ṣe bírò, Yétúndé. Àwọn tó ṣe é ti to lẹ́tà wọn síbẹ̀. Mi ò lè..."

"Lẹ́tà tí o tú palẹ̀ tí o fi ya lékeléke fún mi ńkọ́? Ta ló tò ó?"

Ẹkúndayọ̀ yí padà, ó kọjú sí ọ̀nà ilé. Ó ti fi oṣù púpọ̀ sọ lẹ́tà di ẹyẹ. Kò sọ sí i lọ́kàn rí pé ó lè sọ lẹ́tà di lẹ́tà.

"Má wulẹ̀ bi Bàbá pé kí ni orúkọ wọn o," ni Yétúndé sọ tẹ̀lé e bí ó ṣe ń sáré padà. "A kì í béèrè orúkọ àgbà bẹ́ẹ̀. Béèrè ohun tí o máa máa pè wọ́n!"

Ó rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ó mú ìwé ìṣirò onílà kéékèèké, ó pín in sí ojú mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́jọ ní òòró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pẹ́ńsùlù kun ojú kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n e tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti na ẹsẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀, àmì náà lẹ̀ mọ́ ọn ní ìdí. Lójú tẹlifíṣàn, ó jọ ewé tí ó ní igi. Ó tún un ṣe, ó jọ ìgbín. Ó tún un ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú, iná lọ, ó sì lọ sùn pẹ̀lú ẹyọ funfun tí ó ń fò ní abẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀.

Ní ìdájí Sátidé, bàbá rẹ̀ tún kọjá lórí ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ó sáré lọ sínú ìkùukùu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Nígbà tí ó dé ibi koríko, ó dúró láti mí. Lékeléke kan wà níbẹ̀ tí kò jìnnà, ó na ọrùn rẹ̀ gọ́ńgọ́, ó ń wò ó. Bí àwọn méjèèjì ṣe dúró yẹn, kòkòrò kan ta pọ́ún nínú koríko. Lékeléke náà kò fò. Ó kàn ká ọrùn rẹ̀ wọ àyà, ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó kúrú, ó rọ̀, títí àyè fi wà lábẹ́ àgógó rẹ̀ fún kòkòrò náà. Fún ìṣẹ́jú kan, ó rí i kedere: ẹyẹ tí ó tẹrí ba, àti ẹyọ kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀.

Ẹkúndayọ̀ bú sẹ́rìn-ín sókè. Àmì náà kò ní àléébù. E ni kò tíì tẹrí ba. Bí e bá fẹ́ di ẹ, ó ní láti fà sẹ́yìn, kí ó dín gíga rẹ̀ kù, kí ó fi àyè sílẹ̀. Òun tí ó ti ń dọ̀bálẹ̀ láti ìgbà tí ó ti mọ ìrìn, ó wá jẹ́ pé ẹyẹ ni yóò rán an létí! Ó sáré padà sílé bí ẹni tí ẹ̀fúùfù ń tì. Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, ẹ ti wà, ọ ti wà, ṣ ti wà, wọ́n kúrú díẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, wọ́n sì dúró dáadáa. Ọjọ́ tí ó kù, ó fi tún ètò rẹ̀ kọ, ó sì ń ka gbogbo rẹ̀ sókè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Báàgì Kàdúná ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fi okùn dì í lórí. Bàbá Ògúntádé ṣì wà nínú sùtánà funfun rẹ̀, láìwọ bàtà. Ẹkúndayọ̀ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ jẹ́ kó tún yín kí."

"Ó ti kí mi."

Ìyá ni ó gba ọ̀rọ̀ náà. Ó ń tú gèlè rẹ̀, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sí gèlè náà.

"Bàbá Dayọ̀, ọmọ tó bá wọlé láìkí àgbà dáadáa, kí lẹ máa ń ní kó ṣe?"

Bàbá yíjú sí i, ṣùgbọ́n ìyá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ẹ máa ń ní kó padà síta, kó tún wọlé wá ni. Gbogbo wọn lẹ ṣe é fún. Bọ́sẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ kan."

"Lẹ́ẹ̀marùn-ún," ni Bọ́sẹ̀ sọ.

Ẹ̀gbẹ́ ẹnu Bàbá mì díẹ̀. Ó wo báàgì, ó wo tẹlifíṣàn. "Ó dáa. Kó jáde, kó tún wọlé."

Ẹkúndayọ̀ pa ẹ̀rọ náà pátápátá, ojú tẹlifíṣàn sì dúdú. Ó tún un tàn. Kásẹ́ẹ̀tì ké igbe ọ̀pọ̀lọ́ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó di etí. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà wálẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ:

Ẹ kaabọ, Baba.
Ẹ ku iṣẹ.
Ki ni ki n maa pe yin?

Kò sí àmì ohùn lórí wọn, nítorí àyè kò gbà á. Ṣùgbọ́n Bàbá kò nílò rẹ̀. Ó kà á pẹ̀lú ohùn tirẹ̀, pẹ̀lú ohùn Ìlaròó, ọ̀rọ̀ náà sì dún bí ìgbà tí àlejò gidi bá kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí ó kà á tán, ó padà sí òkè, ó fi ìka kan ẹyọ funfun tí ó wà lábẹ́ ẹ.

"Èyí ò sí níbẹ̀ níjọ́sí."

"Kò sí níbẹ̀, sà. Èmi ni mo yà á."

"Ìwọ lo yà á." Ó ń wò ó bí ẹni ń wo ibi tí wọ́n ti na ọkọ̀, tí ó ń wá ojú ọgbẹ́, tí kò rí i. Lẹ́yìn náà, ìka rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, níbi tí ìlà kékeré kan ti nà gbalaja, tí ó ń ṣẹ́jú. "Kí lèyí tó sùn sílẹ̀ yìí?"

"Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín máa bọ́ sí, sà. Ó ń dúró dè yín ni."

"Ó ń dúró kẹ̀? Níbo ló ti dúró? Ó dọ̀bálẹ̀ ni."

Gbogbo wọn wò ó. Òótọ́ ni. Ìlà náà wà nílẹ̀, ó sì ń mí jẹ́jẹ́ bí ọmọ tí kò mọ̀ bóyá wọn yóò dá a lóhùn.

"Láti ìgbà tí mo ti jókòó ló ti wà níbẹ̀ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Níjọ́sí náà, ó wà níbẹ̀."

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà gbé kọ́tìnì sókè, ó sì gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, Bàbá na ìka ìfábẹ̀là rẹ̀ tí òòlù ti sọ di líle, ó ń wá lẹ́tà kiri.

"Níbo ni D wà?"

Bọ́sẹ̀ fi hàn án. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó wá I, ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ D. Ó tẹ E, ìyẹn tí kò ní àmì. Ẹkúndayọ̀ ka ohun tí ó wà lójú tẹlifíṣàn. Ó fi bọ́tìnì gígùn tí ń rán ọ̀rọ̀ wọlé han bàbá rẹ̀, Bàbá sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára bí ẹni ń lu ìṣó.

Ẹ̀rọ náà kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn. Orúkọ ni ó béèrè, orúkọ ni ó sì rò pé wọ́n fún òun. Ó dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀:

Ẹ ṣe, Baba Dide.
Ara yin a le.

Bọ́sẹ̀ ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ fi gèlè bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Bàbá yọ gíláàsì rẹ̀. "Bàbá Dìde!" ni ó wí. "Bàbá ta ni?" Ẹ̀rín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn, ó ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí sùtánà funfun náà fi ń gbọ̀n lára rẹ̀ bí ẹyẹ tí ó fẹ́ fò.

Lójú tẹlifíṣàn, ìlà kékeré náà tún ti nà sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun.

"Kò dìde," ni Bàbá sọ nígbà tí ó lè sọ̀rọ̀, ó ń nu ojú.

"Kì í dìde, sà. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn."

"Ó ti dáa bẹ́ẹ̀." Ó wá wo ọmọ rẹ̀ tí ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ láti ìgbà yẹn, ó sì fi oríkì pè é. "Ìwọ ńkọ́, Àkànní? Dìde. Gbé báàgì yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí èèyàn má baà fẹsẹ̀ gbá a."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Ẹkúndayọ̀ ti ọ̀nà Ìbà sáré bọ̀. Ìkùukùu ti ń ká kúrò, oòrùn sì ń yọ sórí àwọn páànù Òkókómáíkò. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé ọgbà bàbá rẹ̀, ó gbọ́ òòlù tí ó ń dún lára irin, ó gbọ́ ọ tí ó dákẹ́ lójijì, ó sì gbọ́ ohùn àwọn tí ó ń kọ́ṣẹ́ tí wọ́n jọ ń pariwo pé:

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Dìde!"

Ẹ̀rín bú jáde láti inú ọgbà náà. Ti bàbá rẹ̀ ni ó ròkè jù. Ó ti sọ ọ́ fún wọn. Ẹkúndayọ̀ kò yà síbẹ̀. Ó dín ẹsẹ̀ kù níwájú ọgbà náà, ó tẹrí ba díẹ̀ bí ó ṣe ń kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ń wò ó, ó sì sáré lọ sílé, sídìí iṣẹ́ rẹ̀.